Òdòdó Tó Wà Lórí Tábìlì

Ìwé ìdáhùn méjìlélógójì ló wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, mọ́kànlélógójì nínú wọn ló ṣe àṣìṣe kan náà. Ọkùnrin tó jẹ́ aṣojú ìgbìmọ̀ ìdánwò pàtẹ wọn bí ẹni ń pàtẹ ẹja, ó sì ń tẹ ìka mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè fi ní kó sinmi, òun ti rí i.

Mákánjú ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe obìnrin náà, nítorí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi wákàtí kan ṣe, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lòun máa ń fi ṣe é. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá tí wọ́n rí i pé àwọn sárésáré ń mú aláìṣẹ̀, tí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ sì ń mú ọ̀daràn, yẹ̀yẹ́ bá di oríkì. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá.

"Bọ́tànì ni, mà," aṣojú náà ní. "Ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ìdánwò àfojúrí ni wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá. A ó gbé òdòdó kan síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ò ní sọ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Òdòdó òwú ni tọdún yìí." Ó ṣí ìwé kan tó ní àwòrán. "Ẹ wo abẹ́ òwú. Ewé fẹ̀ǹfẹ̀ mẹ́ta ló gbé òdòdó náà dání, etí wọn rí ṣáṣáṣá bí ayùn. Ó yá, ẹ wo tàwọn ọmọ wọ̀nyí."

Mákánjú wò ó. Àwọn ọmọ náà ò ya ewé mẹ́ta. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n yà yí abẹ́ òdòdó ká, ó pọ̀ bí irùngbọ̀n ewúrẹ́.

"Odindi ọmọ mọ́kànlélógójì ò lè ṣi nǹkan kan náà yà láìjẹ́ pé ẹnì kan ló yà á, tí àwọn tó kù jí i wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ á jókòó. Tí ẹ bá mú ẹni tó pín in fún wọn wá, òun nìkan ló máa jìyà. Tí ẹ ò bá mú un wá, a ó fagi lé ìwé àwọn mọ́kànlélógójì."

"Ọ̀kan tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ìyẹn ya òwú. Òun nìkan ni olóòótọ́ láàárín wọn."

Ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin kúkúrú kan tí òógùn ò gbẹ lójú rẹ̀ láti àárọ̀, mí kanlẹ̀. "Ọmọ aránṣọ ni," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kẹta tí yóò jókòó ṣe ìdánwò yìí nìyẹn, mà. Bọ́tànì nìkan ló ń gbé e ṣubú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà á, wọ́n kàn ń retí èsì yìí ni. Tí kò bá mú un dé kí oṣù tó parí, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo dúpẹ́ pé òun, ó kéré tán, ti bọ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá."

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Mákánjú kó àwọn ìwé náà mọ́ àyà, ó ní kí wọ́n fún òun ní kíláàsì kan tó ṣófo.

*

Ó tẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì bí àwọn ọmọ ṣe jókòó lọ́jọ́ ìdánwò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wọn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró, ó ń pa dà sí ibi tó ti wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá ilé-ìwé yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló bá a níbi tábìlì kan náà. Ọkùnrin náà gbọn orí. Ó jọ pé ọjọ́ Ẹtì ti ọdún tó ń bọ̀ lobìnrin yìí ń rò.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ní kí wọ́n pe ọmọkùnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Aláwòrán wọlé.

"Wọ́n ní ìwọ lò ń bá wọn ya àwòrán."

"Ti kíláàsì nìyẹn, mà. Ti ìdánwò kọ́. Nínú gbọ̀ngàn, kéèyàn wúkọ́ lásán, alábòójútó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ọwọ́ rẹ ò kan ìwé ẹnì kankan?"

"Tèmi gan-an ni mi ò parí, mà."

"Kí lo yà?"

"Ohun tó wà níwájú mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn yà á ni."

"Fọ́nrán mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Mọ́kànlá," ọmọ náà dáhùn láìrò ó. "Ọ̀kan ti já. Mo rí kùkùté rẹ̀, mo sì yà á mọ́ ọn."

Mákánjú lọ sí tábìlì tí ìwé ọmọ náà wà. Mọ́kànlá ni lóòótọ́, ọ̀kan sì gé kúrú. Ó ní kó máa lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Òun ni, àbí? Mo ti mọ̀. Ọmọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n jù."

"Òun kọ́, sà. Kò sẹ́ni tó ṣe é."

"Báwo?"

"Olè wo lẹ ti rí tó jí bàtà ẹsẹ̀ kan? Ẹni tó bá jí àwòrán wò á jí orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wò ó. Mẹ́sàn-án kọ ilá. Mẹ́tàdínlógún kọ ìṣápá. Ẹnì kan kọ tábà, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí i. Àwọn tó kù fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún ka fọ́nrán wọn. Mẹ́jọ nìyí, mẹ́wàá nìyẹn, mẹ́sàn-án, tọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí jẹ́ mọ́kànlá tí ọ̀kan já. Àwọn ọmọ yìí ò wo ara wọn rárá. Òdòdó ni wọ́n wò, oníkálukú wo tirẹ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé tẹ̀ síwájú wo ìwé tó sún mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n òwú ò ní fọ́nrán, mà."

"Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ta ló gbé òdòdó náà kalẹ̀?"

*

Bàbá Láàbù ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ yàrá náà ló ti ń gbá a, tó ń nù ún, tó ń já ewé wá fún ìdánwò. Mákánjú bá a níbi tó ti ń fi aṣọ funfun nu àwọn ìgò. Òórùn spírítì gba inú yàrá náà kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."

"Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi. Ẹ ṣọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn tutù."

"Òwú tí ẹ kó wá fún ìdánwò, níbo lẹ ti já a?"

"Lóko."

"Oko ta ni?"

Bàbá náà gbé ìgò kan sókè, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, ó tún nù ún. Ìgò náà ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń gbin òwú nítòsí ibí?"

Bàbá Láàbù gbé ìgò náà kalẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí. "Kò sí mọ́," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, ọmọ mi. Gbogbo ibi tí mo mọ̀ pé wọ́n ti ń gbìn ín ti di ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ mi wú. Tí mo bá sì pa dà wá sọ pé mi ò rí i, wọ́n á ní ilé-ìwé wa ò kájú ìdánwò, wọ́n á ní káwọn ọmọ lọ ṣe é nílùú míì. Nígbà tí ìdánwò ti dé tán! Nígbà tó ku ọ̀la, mo jókòó sẹ́yìnkùlé mi, mo gbé ojú sókè, mo rí ilá ìyàwó mi tó tanná. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, inú rẹ̀ pupa dúdú. Ẹbí kan náà lòun àti òwú, tíṣà fúnra wọn ló kọ́ mi. Mo ní ta ló máa mọ̀?"

"Alábòójútó ò mọ̀?"

"Tíṣà ìṣirò ni wọ́n rán wá. Ó ka òdòdó náà, ó pé méjìlélógójì, ó ní ó dáa."

"Tíṣà bọ́tànì ńkọ́?"

"Wọn kì í jẹ́ kí tíṣà wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mà. Ìyàwó mi gan-an, ewúrẹ́ aládùúgbò ló rò pé ó jẹ ẹ́. Ó ṣì ń bá wọn jà títí dòní."

Mákánjú ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì ti bọ́, ọjọ́ Ẹtì ò sì tíì dé. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìbéèrè kan tó gbá a lẹ́yìn ọrùn. Ó yípadà.

"Bàbá, gbogbo tábìlì lẹ gbé ilá sí? Kò sí ọ̀kan tí ẹ gbé òwú sí?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí òwú, ọmọ mi?"

"Ta ló mọ̀ pé òwú ni ìgbìmọ̀ béèrè fún?"

"Èmi àti tíṣà bọ́tànì. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n máa ń fi ìwé ránṣẹ́, kí a lè rí ewéko náà wá. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa. Tíṣà ló máa já lẹ́tà náà, wọ́n á kà á fún mi, wọ́n á sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

Mákánjú dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilá ló wà lórí gbogbo tábìlì, ọmọ mọ́kànlélógójì tó ya fọ́nrán ló ṣe òótọ́. Níbo wá ni ọmọ aránṣọ ti rí òwú? Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó wù ú kó jẹ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹni tó ń kánjú á ti kúrò nínú yàrá náà kí ìbéèrè yẹn tó dé.

*

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Yàrá kan ni, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, dígí gígùn kan, àti aṣọ oríṣiríṣi tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ọmọ náà jókòó sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ kejì. Ìwé bọ́tànì wà lórí itan rẹ̀.

"Ìdánwò ti parí láti oṣù tó kọjá," Mákánjú ní. "Kí lo tún ń kà?"

Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ kí i. "Mo ti dáwọ́ dúró rí lẹ́yìn ìdánwò, mà. Lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo kúnà. Mi ò fẹ́ dáwọ́ dúró títí mo fi máa rí èsì."

"Kò jẹ́ ká sùn," ìyá rẹ̀ dá sí i, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, èèyàn á mọ̀ pé yíyangàn ló ń yangàn. "Bó bá ń jẹun, gbòǹgbò. Bó bá ń fọṣọ, ìtàkùn. Ọjọ́ kan ni mo rán an kó lọ já ewé ẹ̀fọ́ wá. Kó tó dé, oúnjẹ ti jóná. Ó ní òun ń ka iṣan ara ewé."

"Màámi!"

"Irọ́ ni mo pa?"

Mákánjú béèrè fún ìwé àtúnkà rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni. Ọmọ náà kọ déètì sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí tíṣà ṣe máa ń kọ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Gbòǹgbò ló fi bẹ̀rẹ̀, ó kan igi, ó kan ewé, bí ìwé ìlànà ṣe tò ó. Àárín ewé ló wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúró gbọnrangandan. Láti ọjọ́ kejì tí ìwé ìgbìmọ̀ dé ilé-ìwé títí di àárọ̀ ìdánwò, kò ka nǹkan míì. Òwú ló yà. Òwú láti iwájú, òwú láti ẹ̀gbẹ́, òwú tí wọ́n là sí méjì, ewé fẹ̀ǹfẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Mákánjú kà á. Igba ó lé mẹ́rin ni.

"Ta ló ní kó o fò láti ewé bọ́ sórí òwú?"

"Tíṣà ni, mà. Wọ́n máa ń yà síbí tí ilé-ìwé bá ti jáde, láti ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa yà á títí ọwọ́ mi á fi mọ̀ ọ́n lójú dídì."

"Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ?"

"Rárá, mà." Ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo Mákánjú. "Ta ní í bi tíṣà ní ìdí?"

Mákánjú ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi láyé rẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa fún irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó wá a títí, kò rí i. Yóò sàn fún un ká ní ó rí i.

"Ṣé kò sí nǹkan, mà?" aránṣọ béèrè. "Àwọn ọ̀gá ní tirẹ̀ nìkan ló dáa."

"Mo fẹ́ yá ìwé yìí dọ̀la," Mákánjú ní.

*

Tíṣà bọ́tànì ń pa nǹkan rẹ́ lójú bọ́ọ̀dù nígbà tí Mákánjú wọlé. Ọkùnrin gbọọrọ kan ni, ẹfun funfun wà lórí apá ẹ̀wù rẹ̀. Mákánjú gbé ìwé ọmọ náà sórí tábìlì rẹ̀, ó ṣí i sí ojú ewé tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà náà wo déètì, ó jókòó.

"Òun nìkan lẹ sọ fún?"

"Òun nìkan."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ẹni tó ka ìwé tó o nínú wọn, mà. Kò sí. Tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè níbí, á dáhùn kí ẹ tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ gbọ̀ngàn, gbogbo ohun tó mọ̀ á fò lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti rí i níwájú pátákó èsì. Ọdún tó kọjá, kò sunkún rárá, ó kàn ń wá orúkọ rẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn. Mo ní kí n fún un ní ohun kan péré tí kò ní fò."

"Ó mọ̀ pé ohun tó máa jáde nìyẹn?"

"Kò mọ̀. Mo fi ọmọ mi búra. Ká ní ó mọ̀, kò ní yà á. Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ẹfun sì kun iwájú orí rẹ̀. "Ó yà á, àbí? Wọ́n ní òun nìkan ló yà á."

"Ilá ló wà lórí tábìlì, tíṣà."

"Kí lẹ wí?"

"Bàbá Láàbù ò rí òwú. Ilá ló gbé kalẹ̀. Gbogbo ọmọ ló ya ilá, àfi òun."

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, irú ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló mọ̀ pé ata wà lẹ́nu òun. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ mi. Ẹ kọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Ẹ ṣáà yọ tirẹ̀ kúrò, mà. Ẹ dákun."

Mákánjú ronú nípa rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi délé. Ó lè dá ìwé náà pa dà kó má sọ pé òun rí i. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi tán? Tó bá dákẹ́, ọmọ mọ́kànlélógójì ṣègbé sí ohun tí wọn ò ṣe. Tó bá sì sọ pé ilá ló wà lórí tábìlì, òmùgọ̀ gan-an á béèrè bí òwú ṣe dé inú ìwé ẹnì kan. Kò sí bó ṣe lè dá àwọn tó pọ̀ láre kó má na ìka sí ẹnì kan yẹn. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ojú kan náà ló ń bá a.

*

Ọjọ́ Ẹtì, ó sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ó sọ ti ilá, ó sọ ti òwú, ó sọ ti tíṣà, ó sì fi àkókò tó pọ̀ jù sórí ti ọmọ náà. Aṣojú ìgbìmọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, mà. A ó máàkì àwọn mọ́kànlélógójì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ya ilá. Ó tọ́ sí wọn. Bàbá yẹn á lọ máa sinmi nílé. Tíṣà ò ní kọ́ni mọ́ níbikíbi tí àṣẹ wa bá dé."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ìwé rẹ̀ di fífagi lé. Kò sì ní jókòó ṣe ìdánwò wa fún ọdún márùn-ún."

"Kò mọ̀, sà. Mo ti sọ fún yín. Wọ́n ní kó ya nǹkan, ó yà á."

"Mo gbà yín gbọ́," aṣojú náà ní, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó gbà á gbọ́ lóòótọ́. "Ṣùgbọ́n òfin ò béèrè ohun tó mọ̀. Ta ni àṣírí náà dé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn ló béèrè. Ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi hàn wá."

Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé kí Mákánjú tó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ojú ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn rí i, ó kígbe, "Mà, ẹ ṣeun o!" Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mákánjú juwọ́ sí wọn, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

*

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó sọ ọ́ fún ìyá àti ọmọ ní ìjókòó. Kò fi òwe sí i, kò yí i po. Nígbà tó dé ibi ọdún márùn-ún, aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ọdún márùn-ún," obìnrin náà tún un wí. "Á ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ò ní gbà á mọ́ nígbà yẹn." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, o ò sọ̀rọ̀?"

Ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mà," ó ní, "mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Fọ́nrán yẹn. Lọ́jọ́ náà, mo kà á. Mẹ́sàn-án ni. Mo ní èyí ò jọ òwú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á gan-an, mo ti ya mẹ́rin." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, ìyẹn gan-an ló ba Mákánjú nínú jẹ́ jù. "Mo wá ní, ta ni mí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ojú ara mi ṣe ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kúnà. Tíṣà ní mẹ́ta ni. Mo bá fi rọ́bà pa á rẹ́."

Mákánjú ò mọ̀ ọ́n. Ó ti fi wákàtí méjì yí ìwé mọ́kànlélógójì po, ó bẹ̀rẹ̀ sórí wọn títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì wo ti ọmọ yìí, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ìyẹn ló dáa. Kò gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Kò wá ojú ibi tí rọ́bà ti kọjá.

"Tí n bá sọ ìyẹn fún wọn," ọmọ náà béèrè, "ṣé á yí nǹkan kan pa dà?"

"Rárá," Mákánjú ní. Ojú ń tì í. "Kò ní yí nǹkan kan pa dà."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, kò dúró kí wọ́n dáhùn kó tó wọlé. Ìyá Aláwòrán ni, aṣọ tuntun wà lápá rẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Aránṣọ! Ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti dá àwọn ọmọ wa láre! Mo ní mi ò ní délé, ọ̀dọ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ yà. Ẹ rán èyí fún mi, mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n á ti fún wọn níwèé ẹ̀rí."

Aránṣọ dìde. "Ẹ kú oríire," ó ní. Ó mú téèpù, ó ní kí obìnrin náà dúró síwájú dígí. Ọmọ rẹ̀ fa ìwé ìwọ̀n jáde, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ déètì sórí rẹ̀.

"Èjìká, mẹ́rìndínlógún."

Ọmọ náà kọ ọ́.

"Ìbàdí, mẹ́rìnlélógójì."

Ọmọ náà kọ ọ́.

"Tiyín ńkọ́?" ìyá Aláwòrán ń wo aránṣọ nínú dígí. "Wọ́n ní òun ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ wo la máa wá bá yín yọ̀?"

Aránṣọ na téèpù láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ gbápá sókè," ó ní.